Fọ́háńdì tó ń ya wèrè lọ́jọ́ ìdíje: apá kọ́ ló jẹ̀bi

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo gé e kúrú díẹ̀ (fọ́háńdì ni bọ́ọ̀lù téèyàn gbá lápá ibi tí ọwọ́ tó di rákẹ́ẹ̀tì mú wà, tí àtẹ́lẹwọ́ kọjú síwájú): "Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 43 ni mí, Sùúrùlérè ni mo ti ń gbá tẹníìsì láràárọ̀ Sátidé, ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń gbá a. Tá a bá ń fi ara gbóná, fọ́háńdì mi dùn ún wò, ṣùgbọ́n ká ṣáà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka máàkì báyìí, bí mi ò bá gbá a lu fẹ́ǹsì ẹ̀yìn, màá gbá a sínú nẹ́ẹ̀tì. Tó bá di alẹ́, ọrùn ọwọ́ á máa ro mí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra rákẹ́ẹ̀tì tuntun, òmíràn ní kí n dì í mú bíi ti Nadal, ọ̀gá tẹníìsì ará Spain nì, bàbá kan ní kọ́ọ̀tù wa sì ń sọ pé ẹsẹ̀ òsì mi ni mi ò gbé síwájú. Mo fi fídíò méjì ránṣẹ́. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú eré ìdárayá. Mo ti wo fídíò yẹn, mo tún wò ó ní slow motion, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ jẹ́ kí owó rákẹ́ẹ̀tì wà lápò ná. Kò sí rákẹ́ẹ̀tì tó máa yanjú ohun tí mo rí níbẹ̀. Apá yín gan-an ò ní ìṣòro kankan, ó lágbára, ó tiẹ̀ rọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ èèyàn tó dàgbà kó tó mọ rákẹ́ẹ̀tì lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ máa ń pẹ́ kẹ́ ẹ tó yíra. Bọ́ọ̀lù tó ń fò lọ sí fẹ́ǹsì o, èyí tó ń kú sínú nẹ́ẹ̀tì o, ọrùn ọwọ́ tó ń ro yín o, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti ń ṣẹ̀ wá.

Ẹ ṣí fídíò kejì, èyí tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tẹ́ ẹ ti ń ka máàkì. Ẹ lọ síbi bọ́ọ̀lù kẹta tó wá sí fọ́háńdì yín, kẹ́ ẹ dá fídíò dúró gẹ́lẹ́ níbi tí bọ́ọ̀lù ti kanlẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ wo rákẹ́ẹ̀tì. Ó ṣì wà níwájú ìdodo yín, àyà yín kọjú sí nẹ́ẹ̀tì gbalaja, ọwọ́ òsì ti já sílẹ̀ kò ríṣẹ́ ṣe. Bọ́ọ̀lù sì ti balẹ̀ o! Àkókò tó kù kó tó kàn yín ò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, inú ìyẹn lẹ ti fẹ́ gbé rákẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn, kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ ẹ tún fà á bọ̀ wá síwájú. Kò lè ṣe é ṣe, apá á wá ọ̀nà àbùjá. Ẹ wo bí ìgbọ̀nwọ́ ṣe lẹ̀ mọ́ ìhà, bẹ́ ẹ ṣe ń fara yẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ọ̀tún lẹ ti bá bọ́ọ̀lù, kì í ṣe iwájú, ojú rákẹ́ẹ̀tì wá ṣí sójú ọ̀run. Fẹ́ǹsì nìyẹn. Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e, torí ojú ti ń tì yín, ẹ sáré fi ọrùn ọwọ́ pa ojú rákẹ́ẹ̀tì dé. Nẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Ọmọ ìyá kan náà làwọn méjèèjì, ẹ ò lè máa tọ́jú ọ̀kan kẹ́ ẹ fi èkejì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tẹ́ ẹ ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí nìyẹn.

Ẹ wá padà sí fídíò àkọ́kọ́, ti ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń fi ara gbóná. Ẹ dá a dúró síbi kan náà, bọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ kanlẹ̀. Rákẹ́ẹ̀tì ti wà lẹ́yìn, èjìká ti yí. Èèyàn kan náà, apá kan náà, rákẹ́ẹ̀tì kan náà! Nígbà ìfaragbóná, ẹ mọ̀ pé fọ́háńdì yín ni ẹni yẹn máa gbá a sí, ó sì ń gbá a jẹ́jẹ́, ara yín á ti múra kó tó dé. Nígbà ìdíje, ẹ̀ ń dúró wo ibi tí bọ́ọ̀lù máa já sí kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan kan.

Bí mo ṣe ń wo fọ́háńdì ẹnikẹ́ni nìyẹn o, ẹni yòówù kó jẹ́. Mi kì í kọ́kọ́ wo ibi tí bọ́ọ̀lù lọ, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá náà máa ń gbá èyí tó wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí bọ́ọ̀lù ti kanlẹ̀ ni mo máa ń wò, lẹ́yìn náà ibi tí okùn rákẹ́ẹ̀tì ti kan bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn náà ibi tí rákẹ́ẹ̀tì parí ìrìn ẹ̀ sí. Ibi kẹta yẹn ni gbogbo ayé fẹ́ràn láti máa kọ́ra wọn, pé kó parí sí èjìká, kó parí sí ìbàdí, kó yípo lókè orí bíi ti Nadal. Èmi ò kì í bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. Tí ti àkọ́kọ́ àti ìkejì bá dáa, ìkẹta á tún ara ẹ̀ ṣe.

Ó yá, yíyíra. Kì í ṣe ìgbà tí bọ́ọ̀lù kọjá nẹ́ẹ̀tì ló máa bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń kúrò lórí rákẹ́ẹ̀tì ẹni kejì ni. Bí ẹni yẹn bá ti fẹ́ gbá a, ẹ fò díẹ̀, kékeré báyìí, kí ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ pa pọ̀ nígbà tẹ́ ẹ̀ ń rí ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù gbà. Bẹ́ ẹ bá ti rí i pé fọ́háńdì ni, ẹ má rò ó pé "ẹ gbé rákẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn". Ọ̀rọ̀ yẹn ti ba ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́, torí apá nìkan ló máa lọ sẹ́yìn, àyà á ṣì kọjú sí nẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ èjìká òsì sí bọ́ọ̀lù, ó tán. Èjìká ló máa gbé rákẹ́ẹ̀tì lọ.

Ọwọ́ òsì yín ni mo wá fẹ́ bá wí gidi. Ọrùn rákẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó wà, níbi tó ya sí méjì lókè èèkù, kó sì dúró síbẹ̀ títí èjìká á fi yí tán. Tí ọwọ́ òsì bá wà níbẹ̀, ẹ ò lè gbé rákẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn láìyí ara, ẹ gbìyànjú ẹ̀ níbi tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn, ẹ máa rí i. Lẹ́yìn tí ọwọ́ méjèèjì bá wá pínyà, kí ti òsì nà lọ sápá ọ̀tún, kó dọ́gba pẹ̀lú ìlà ẹ̀yìn. Ẹ wá àwòrán Federer, ọ̀gá tẹníìsì ará Switzerland, èyíkéyìí níbi tó ti fẹ́ gbá fọ́háńdì, ẹ máa rí ọwọ́ òsì yẹn tó nà síta. Kì í fi ṣoge o, òun ló ń dá èjìká dúró kó má baà tètè ṣí. Bí rákẹ́ẹ̀tì bá ti ń bọ̀ níwájú, ọwọ́ òsì á kó wọlé sí àyà, ẹ tiẹ̀ lè fi gba rákẹ́ẹ̀tì mú nígbà tẹ́ ẹ bá parí, ó dáa fún ẹni tó ń kọ́ ọ.

Ẹ má sì gbé rákẹ́ẹ̀tì yípo dé ẹ̀yìn. Kó má kọjá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yín, kí ìgbọ̀nwọ́ yà kúrò lára díẹ̀. Tó bá ti wọ ẹ̀yìn yín lọ, ó ti di kó máa rìn ìrìn àjò kó tó padà wá, ẹ ò sì ní àkókò yẹn.

Agbára ńkọ́? Ẹ wo ẹni tó ń la igi ìdáná, ṣé apá lásán ló fi ń là á? Ilẹ̀ ló ti ń gbé e wá, orúnkún á tẹ̀, ìbàdí á yí, èjìká á tẹ̀ lé e, apá ló máa dé kẹ́yìn. Fọ́háńdì náà nìyẹn. Ìdí tó sì fi jẹ́ pé ọrùn ọwọ́ ló ń ro yín nìyẹn, torí pé nígbà tí ara ò ṣiṣẹ́, ọrùn ọwọ́ ló ń sáré ṣe ti gbogbo wọn. Tí ìrora yẹn ò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tẹ́ ẹ bá ti tún un ṣe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ rí dókítà, ẹ má kàn máa fi róòbù pa á kẹ́ ẹ tún gbá a ní Sátidé.

Bàbá kọ́ọ̀tù yẹn ò parọ́ ṣá o. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nígbà tiwọn nìyẹn: ẹsẹ̀ òsì síwájú, ẹ̀gbẹ́ sí nẹ́ẹ̀tì, gbá a kọjá. Ẹ bi í léèrè nípa Nduka Odizor, inú ẹ̀ á dùn, ọmọ Èkó tó lọ Wimbledon, ìdíje tẹníìsì ńlá ti England, ní 1983, tí Guillermo Vilas ará Argentina ti gba sẹ́ẹ̀tì méjì mọ́ ọn lọ́wọ́ ní ráúǹdì àkọ́kọ́ tó sì yí i padà, tó na Vilas, tó ń bá a lọ títí dé ráúǹdì kẹrin. Orí koríko nìyẹn, bọ́ọ̀lù kì í fò sókè púpọ̀ níbẹ̀, kéèyàn gbẹ́sẹ̀ síwájú kó sì bá a nílẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Lórí sìmẹ́ńtì tẹ́yin ń gbá a lé lórí, bọ́ọ̀lù máa ń fò dé àyà, ó sì máa ń yá, nígbà mìíràn ẹ ò tiẹ̀ ní ráyè gbé ẹsẹ̀ òsì kankan. Nítorí náà, bọ́ọ̀lù tó rọra já sí iwájú yín, ẹ ṣe bí bàbá ṣe wí. Èyí tó yá tàbí tó jìnnà, ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹlẹ̀ síta, kẹ́ ẹ tẹ orúnkún ẹ̀, kẹ́ ẹ yí èjìká lé e lórí, ẹsẹ̀ òsì lè wà níbi tó bá wà. Èjìká tó yí ló ṣe pàtàkì, bàbá náà ẹsẹ̀ ló kàn fi ń wá a.

Ti Nadal wá ńkọ́. Ẹ wo èèkù rákẹ́ẹ̀tì yín dáadáa, kì í ṣe róbótó, ó ní ìhà 8. Ẹ fi ọwọ́ òsì dì í mú kí ojú ẹ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́, etí ẹ̀ á wà lókè àti nísàlẹ̀. Ìhà tó wà lókè pátápátá ni 1, ẹ máa kà á lọ sápá ọ̀tún, 2 ni èyí tó dagun, 3 ni èyí tó tẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, 4 tún dagun, 5 ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Oríkèé ìdí ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Tó bá jókòó sórí 3, ìdìmú tí wọ́n ń pè ní Eastern nìyẹn, tó bá wà lórí 4, semi-western, tó bá wà lórí 5, western. Bí mo ṣe rí i nínú fídíò, tiyín wà láàárín 3 àti 4. Kò sí aburú níbẹ̀ rárá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi topspin (kí bọ́ọ̀lù máa yí síwájú bó ṣe ń lọ) sí bọ́ọ̀lù dáadáa, ẹ jẹ́ kó jókòó sórí 4, ẹ má kọjá ibẹ̀.

Torí bẹ́ ẹ bá ṣe ń sún un lọ sísàlẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù tó ga á máa dùn ún gbá, èyí tó wà nílẹ̀ á sì máa di ìyà, ó sì tún fẹ́ kẹ́ ẹ bá bọ́ọ̀lù níwájú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn gan-an lẹ ò sì tíì lè ṣe. Ẹ wo Coco Gauff, ọmọbìnrin Amẹ́ríkà nì, ìsàlẹ̀ lòun ti ń dì í mú, ó ti gba US Open ní 2023, ó gba ti Faransé (French Open) ní 2025, síbẹ̀ fọ́háńdì yẹn náà làwọn tó ń bá a gbá kọ́kọ́ máa ń dán wò, kí wọ́n yára gbá a síbẹ̀ kó má ráyè. Tí ọ̀rọ̀ àyè bá lè dààmú irú ọmọ yẹn, ẹ jẹ́ ká fi ti Nadal sílẹ̀ fún Nadal. Wọ́n ti wọn fọ́háńdì ẹ̀ rí nínú fídíò, bọ́ọ̀lù ẹ̀ ń yí nǹkan bí 3,200 ìgbà ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan, ti Sampras àti Agassi, àwọn ọ̀gá ará Amẹ́ríkà tó ṣáájú ẹ̀, ò dé 2,000. Àwọn méjèèjì yẹn ò sì pàdánù ìgbésí ayé wọn.

Ibi tí okùn ti máa kan bọ́ọ̀lù: iwájú. Àbá kan rèé tẹ́ ẹ lè ṣe láìsí bọ́ọ̀lù. Ẹ lọ dúró nídìí òpó fẹ́ǹsì, ẹ yíra bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe, kẹ́ ẹ wá fi ojú rákẹ́ẹ̀tì ti òpó yẹn bí ẹni pé ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù wà. Ẹ kọ́kọ́ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, ibi tẹ́ ẹ ti ń bá bọ́ọ̀lù báyìí. Ẹ máa rí i pé ọrùn ọwọ́ á tẹ̀, ẹ ò ní lágbára. Ẹ wá sún sẹ́yìn díẹ̀ títí òpó á fi wà níwájú yín, níwájú ẹsẹ̀ tó wà níwájú, apá nà díẹ̀ ṣùgbọ́n kò le gan-in, ọrùn ọwọ́ tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ kọjú síbi tẹ́ ẹ fẹ́ gbá a sí. Ẹ tì í. Gbogbo ara ló máa dáhùn, láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni. Ẹ dúró síbẹ̀ kí ara mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ máa padà síbẹ̀ lójoojúmọ́ tẹ́ ẹ bá dé kọ́ọ̀tù, kí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó jáde nínú agolo.

Topspin wá, torí mo mọ̀ pé ìbéèrè tó kàn nìyẹn. Bọ́ọ̀lù tó bá ń yí síwájú bó ṣe ń lọ, afẹ́fẹ́ máa ń tì í wálẹ̀, ìdí nìyẹn téèyàn fi lè gbá a le, kó ga kọjá nẹ́ẹ̀tì, kó sì já sínú ìlà. Bẹ́ ẹ ṣe máa rí i ni pé kí orí rákẹ́ẹ̀tì wà nísàlẹ̀ bọ́ọ̀lù kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, kó wá gòkè lọ síwájú, ojú ẹ̀ á dúró ṣánṣán nígbà tó bá kan bọ́ọ̀lù. Orúnkún ni kẹ́ ẹ tẹ̀ kó lè wálẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ "yí ọwọ́ lé bọ́ọ̀lù lórí". Ẹ má dá wọn lóhùn. Bọ́ọ̀lù kì í lò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan lórí okùn, kí ọpọlọ yín tó mọ̀ pé ó ti kàn án, ó ti lọ! Kò sí ẹni tó lè yí nǹkan kan lé e lórí láàárín ìyẹn. Ọwọ́ tẹ́ ẹ rí tó ń yí lẹ́yìn ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, bọ́ọ̀lù ti jìnnà.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbá a sí náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì rí i pé ẹ fẹ́ràn kẹ́ ẹ máa gbá a tààrà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà nígbà tí wàhálà bá dé. Nẹ́ẹ̀tì ga ní 1.07 mítà lẹ́bàá òpó, láàárín ó jẹ́ 91.4 sẹ̀ǹtímítà péré. Kọ́ọ̀tù gùn ní 23.77 mítà téèyàn bá gbá a tààrà, tó bá dagun láti kọ̀rọ̀ dé kọ̀rọ̀ ní síńgùùsì (ẹnì kan sí ẹnì kan), ó lé díẹ̀ ní 25 mítà. Nẹ́ẹ̀tì rẹlẹ̀, àyè pọ̀ sí i, ọ̀fẹ́ ni! Tí ẹni kejì bá ti ń lé yín káàkiri, ẹ gbá a dagun, kó kọjá nẹ́ẹ̀tì ní nǹkan bí mítà kan sókè, kì í ṣe kó máa họ nẹ́ẹ̀tì lára. Bọ́ọ̀lù ẹ̀gbẹ́ ìlà, ẹ fi pamọ́ de ìgbà tẹ́ ẹ bá dúró dáadáa.

Ìdánrawò. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ògiri, mo mọ̀ pé gbogbo èèyàn ló máa ń dárúkọ ẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ògiri máa ń tètè padà, àbùjá ọ̀nà tá a ń sá fún yẹn náà ló máa tún kọ́ yín. Ẹ ní kí ẹnì kan fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù sí yín láti ìdí nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti jù ú, ẹ pariwo "yí!", tó bá kanlẹ̀, ẹ pariwo "balẹ̀!" Kí rákẹ́ẹ̀tì ti wà lẹ́yìn, kí ọwọ́ òsì ti nà síta, kẹ́ ẹ tó pe "balẹ̀". Ẹ pè é sókè o, má-jẹ̀ẹ́-kí-wọ́n-gbọ́ ò wúlò níbí, ẹnu ló máa fi ìgbà tẹ́ ẹ pẹ́ hàn yín. Tí ìyẹn bá ti ń lọ geerege, kó máa fi rákẹ́ẹ̀tì gbá a wá, kẹ́ ẹ máa gbá a dagun láìka máàkì. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá ka máàkì, ẹ ṣì máa pe "yí" àti "balẹ̀" sínú. Ó máa burú sí i fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó dáa, àwọn ará kọ́ọ̀tù á fi yín ṣẹ̀fẹ̀, ẹ fún wọn láyè.

Ohun kan tún wà tí ojú ìdíje máa ń fà, ẹ máa ń di rákẹ́ẹ̀tì pa. Mo rí i lára iṣan apá yín nínú fídíò kejì, ó yọ síta kí bọ́ọ̀lù tó dé rárá. Láàárín bọ́ọ̀lù sí bọ́ọ̀lù, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ òsì gbé ìwúwo rákẹ́ẹ̀tì, kí ti ọ̀tún dẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn fún ọwọ́ òsì nìyẹn.

Okùn: tó bá jẹ́ polyester ló wà lórí rákẹ́ẹ̀tì yín, èyí tó le tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn láti ìgbà tí Kuerten ará Brazil ti fi gba French Open ní 1997, ẹ yọ ọ́, ẹ fi synthetic gut, okùn tó rọ̀ jù ú lọ, sí i, ọrùn ọwọ́ á dúpẹ́. Bọ́ọ̀lù náà, ẹ yé lo èyí tó ti kú. Bọ́ọ̀lù tuntun tí wọ́n bá jù sílẹ̀ láti 254 sẹ̀ǹtímítà gbọ́dọ̀ fò padà dé 135 sí 147, ẹ̀yin ẹ kàn jù ú sílẹ̀ láti orí yín, tí kò bá dé ìbàdí, ẹ gbé e fún àwọn ọmọ kéékèèké. Òkú bọ́ọ̀lù máa ń dúró deni, á jẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ẹ ti ń tètè yíra.

Fídíò tó kàn, ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yín, kó dọ́gba pẹ̀lú ìlà ẹ̀yìn, ní gíga ìbàdí, ẹ fi nǹkan tì í kó má ṣubú, kẹ́ ẹ yà á ní slow motion nígbà tẹ́ ẹ bá ń ka máàkì, kì í ṣe nígbà ìfaragbóná. Bọ́ọ̀lù mẹ́wàá tó jẹ́ fọ́háńdì. Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí mi, ẹ fúnra yín ẹ dá ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró níbi tí bọ́ọ̀lù ti kanlẹ̀, ẹ ka iye ìgbà tí rákẹ́ẹ̀tì ti wà lẹ́yìn, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fídíò fún mi.